Máíkíróglíà: ẹ̀ṣọ́ ọpọlọ tó ń darúgbó, àti ìtọ́jú àrùn Alzheimer

Bí àgbàlagbà bá ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lemọ́lemọ́, tí ọ̀nà ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sì ń dàrú mọ́ ọn lójú, a máa ń ní ó ti ń ṣarán. Àrùn Alzheimer ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Dókítà Alois Alzheimer, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1906, lẹ́yìn tó yẹ ọpọlọ obìnrin kan tó ti dolóògbé wò. Lára ohun tó rí ni purotéènì tó ṣù pọ̀ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Amyloid là ń pè é lónìí.

Máíkíróglíà ló yẹ kó kó o kúrò. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn ni, inú ọpọlọ ló ń gbé. Ẹ̀ka rẹ̀ tín-ín-rín, kì í sinmi: á nà síbí, á nà sọ́hùn-ún, á máa fọwọ́ ba gbogbo àyíká rẹ̀. Bó bá kan kòkòrò àrùn tàbí sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, á gbé e mì káló.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó kì í dá a sí. Kì í lè gbé nǹkan mì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oró tó yẹ kó fi bá kòkòrò jà, á máa tú u jáde láìsí ìjà, títí á fi pa sẹ́ẹ̀lì tó lera lára. Ohun tó dùn mí jù nínú àrùn yìí nìyẹn. Lápá ìparí ọdún 2012, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ẹni tó bá jogún oríṣi kan nínú jíìnì TREM2, èyí tí máíkíróglíà ń lò, ewu Alzheimer tirẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹlòmíì.

Ó wá kan ìtọ́jú. Oògùn kan tó ń jẹ́ lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2023, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń fà á sí iṣan ẹni tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ amyloid, kí máíkíróglíà lè dá a mọ̀, kó sì jẹ ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti darúgbó yẹn náà la tún ń bẹ̀ níṣẹ́! Nínú ìdánwò olóṣù 18 tí nǹkan bí 1,800 èèyàn kópa nínú rẹ̀, ó fi ìdá 27 nínú 100 dín eré tí àrùn náà ń sá kù. Kò dá a dúró, kò sì dá ìrántí tó ti lọ padà. Ọpọlọ àwọn kan wú, ti àwọn mìíràn ṣẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán rẹ̀ léraléra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá sọ pé oògùn yìí ń wo Alzheimer sàn pátápátá, irọ́ ló ń pa fún yín.

Àwọn kan gbìyànjú láti ta máíkíróglíà fúnra rẹ̀ jí, nípasẹ̀ TREM2. AL002 ni wọ́n pe oògùn náà. Èsì ìdánwò rẹ̀ jáde lọ́dún 2024: kò dẹ àrùn náà lẹ́sẹ̀.