Ọ̀pọ̀lọ́ olóró: ilé rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ sìn

Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, àmọ́ ojú ọ̀sán gan-an ni ọ̀pọ̀lọ́ olóró ń ṣọdẹ. Igbó òjò Àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ tó ń tàn ló sì fi ń kìlọ̀ fún ohun tó bá fẹ́ pa á jẹ. Ní Kòlóḿbíà láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀yà Emberá máa ń fi ẹnu ọfà wọn ra ẹ̀yìn oríṣi kan tó ń jẹ́ Phyllobates terribilis kí oró lè mú un.

Oró yìí kì í ṣe àbímọ́. Nínú èèrà àti àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jẹ nínú igbó ló ti ń kó o jọ, nítorí náà èyí tí wọ́n bí sínú àpótí gíláàsì tí àwọn èèyàn fi ń sìn ín nílé, tí kò jẹ irú wọn rí, kì í ní in lára. Irú èyí tí wọ́n bí sílé bẹ́ẹ̀ ni kí olùbẹ̀rẹ̀ rà. Èyí tí wọ́n mú nínú igbó lè gbé àrùn wọlé, ó sì ń dín àwọn tó kù nínú igbó kù.

Dendrobates leucomelas, aláwọ̀ dúdú àti yẹ́lò, ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀: kì í tijú púpọ̀, mélòó kan sì lè jọ gbé. Dendrobates auratus náà le dáadáa, àmọ́ ó fẹ́ràn kó máa sá pamọ́. Dendrobates tinctorius tóbi, ó sì láyà, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ méjì kì í sábà gba ara wọn. Ọ̀kan á máa gun èkejì mọ́lẹ̀, títí ẹni tí ìyà ń jẹ yóò fi kọ oúnjẹ, tí egungun ìbàdí rẹ̀ yóò yọ. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò wọ́n á rò pé eré ni. Oophaga pumilio ní tirẹ̀, ẹyin ni ìyá rẹ̀ fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú omi. Kí olùbẹ̀rẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Kí a má sì kó oríṣi méjì sínú àpótí kan.

Àpótí gíláàsì tó jẹ́ 45 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga tó fún méjì. Òkúta wẹ́wẹ́ ló ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí omi tó bá ṣẹ́kù lè rí ibi sẹ̀ sí. A ó tẹ́ nẹ́ẹ̀tì lé e, a ó da ilẹ̀ tí a fi èèpo àgbọn àti èédú pò lé nẹ́ẹ̀tì, a ó gbin ewéko, a ó sì da ewé gbígbẹ bò ó nípọn. Inú ewé yìí ni a ó da springtail sí, àwọn kòkòrò funfun tíntìntín tó ń jẹ ohun tó bá bu. Kí ilé náà wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ọ̀pọ̀lọ́ tó wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni kì í lè ní sùúrù yìí, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ewéko kò tíì ta gbòǹgbò, springtail kò sì tíì pọ̀ tó láti borí ohun tó ń bu.

Ooru ló ń tètè pa wọ́n ju òtútù lọ. Ìwọ̀n 22 sí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá wọn lára mu. Tó bá ti ń sún mọ́ 30, ewu ti dé. Kí àpótí jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rin ní gbogbo ìgbà, omi tí a ó sì máa fọ́n sí i kò gbọdọ̀ ní klórìn, nítorí awọ ara wọn ń fa ohunkóhun tó bá kàn án mu.

Kantíkantí orí èso, irú èyí tí kò lè fò, ni oúnjẹ wọn. A máa ń gbọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù àti fítámì kí a tó dà á sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ti fojú sun ọ̀kan, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́ kó tó yọ ahọ́n. Èyí tí ìka rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, tó kàn ń wo oúnjẹ níran, ó lè jẹ́ pé àárẹ̀ ti ń mú un.

Ọ̀pọ̀lọ́ tuntun kì í bọ́ sínú ilé yìí tààrà. Àpótí kékeré tí a tẹ́ bébà títutù sí ni yóò kọ́kọ́ wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, níbi tí a ti lè rí bó ṣe ń jẹun àti bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí.