Iná Kì í Jí Ọkàn Tó Ti Dákẹ́

Láti Adó dé Ìkọ̀lé, èrò kan náà lẹ ó gbọ́: bí ọkàn èèyàn bá dákẹ́, kí wọ́n jan ẹ̀rọ oníná mọ́ ọn láyà, yóò jí bíi mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ kú. Inú fíìmù ni wọ́n ti rí i. Ìlà tó ń fi ìlù ọkàn hàn lójú ẹ̀rọ á nà gbọọrọ, dókítà á fi iná ta á, aláìsàn á dìde jókòó.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn tí iná wúlò fún kò tíì dákẹ́, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Ẹ wo ẹran tí alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, bí iṣan rẹ̀ ṣe ń fò pìtìpìtì níbi méjì, mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn ń ṣe: iṣan ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò lọ síbì kan. Iná máa ń pa rúkèrúdò yẹn lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ojúkò tó ń darí ìlù ọkàn, lókè lápá ọ̀tún rẹ̀, lè tún gba iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún wúlò bí yàrá yẹn bá ń sáré àsápajúdé, tí iṣan ọrùn ò sì sọ mọ́. Bí ìlà bá wá nà gbọọrọ, kí ni iná fẹ́ pa lẹ́nu mọ́? Àyà títẹ̀ àti abẹ́rẹ́ adrenaline ni dókítà ń lò níbẹ̀. Nítorí náà ni ẹ̀rọ oníná aládàáṣiṣẹ́ (AED) ṣe máa ń yẹ ọkàn wò fúnra rẹ̀ kó tó ta iná. Bó bá ní òun ò ní ta iná, kò bàjẹ́; ẹ máa tẹ àyà lọ.

Gbígbọ̀n yìí kì í pẹ́ kó tó rọ̀ di ìlà gbọọrọ. Bí kò bá sẹ́ni tó tẹ àyà, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń gé nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú 100 kúrò nínú ìrètí pé onítọ̀hún á yè. Ẹ fi wé ìrìn Ìkọ̀lé sí ọsibítù ńlá ní Adó tàbí Ìdó.

Bí ẹnì kan bá ṣubú lọ́jà, tí kò dáhùn, tí kò mí dáadáa, ẹ má da omi sí i lójú, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mímí gbàù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń hanrun, ẹ má kà á sí mímí. Kí ẹnì kan pe 112. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín àyà wọlé 5 sí 6 sẹ̀ǹtímítà, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó mọ iyán gún mọ̀ pé ọmọ odó gbọ́dọ̀ gòkè kó tó sọ̀. Ẹ jẹ́ kí àyà padà sókè tán, ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń wọnú ọkàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, kí ẹlòmíràn gbà á.

Bí ẹ̀rọ bá dé, ẹ nu àyà gbẹ. Ẹ lẹ pádì ẹ̀rọ náà, tí iná ń gbà wọ ara, mọ́ àyà: ọ̀kan lábẹ́ eegun èjìká ọ̀tún níwájú, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì nísàlẹ̀ abíyá. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án nígbà tí iná bá fẹ́ ta. Bó bá ti ta tán, ẹ padà sídìí àyà títẹ̀ kíá.

Ọ̀pọ̀ kì í yè, kódà bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọkàn tí ọwọ́ ń bá ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń gbọ̀n pẹ́ díẹ̀ sí i, iná sì lè bá a níbẹ̀.