Igi Òrí Láàárín Ọjà Méjì

Bí gáàsì ìdáná bá tún ti gbówó lórí, àpò èédú ni yóò kún iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Kúbwà, l'Ábújá. Àwọn ará àdúgbò a bi mí pé, "Bọ̀dá, kí ló kan gáàsì kan igbó?" Ó kàn án. Gáàsì yìí, kódà èyí tí a ṣe ní Nàìjíríà níbí, ọjà àgbáyé àti dọ́là ló ń bu iye lé e. Ta ló máa dúró de dọ́là kó tó se ọbẹ̀?

Igi líle ni eléèdú ń wá. Igi òrí, tí Hausa ń pè ní kaɗanya, le dáadáa, ó sì pọ̀ nínú oko káàkiri ìpínlẹ̀ Niger. Bẹ́ẹ̀, òkè òkun ń wá igi yìí kan náà láàyè, nítorí ọ̀rá inú kóró rẹ̀. Lọ́dún 2000, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin gba àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì láyè láti fi irú ọ̀rá mẹ́fà kan, tí òrí wà lára wọn, rọ́pò díẹ̀ nínú ọ̀rá kòkó, kó má ṣáà ju ìdá 5 nínú 100 ṣokoléètì náà lọ. (Òrí tí ìyá wa fi ń ra wá lára nígbà ọyẹ́!) Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba wa fi òfin de kíkó kóró òrí tí a ò tíì fún lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa fún òrí níbí.

Tí òrí bá wá níyì tó báyìí, kí ló dé tí àáké ò kúrò nídìí rẹ̀? Èyí tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé obìnrin ló ń ṣa èso rẹ̀ lásìkò òjò, ọkùnrin ló ni ilẹ̀. Owó kóró ń bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó ní díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún. Owó èédú ń bọ́ sọ́wọ́ ọkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni àwọn tó ń gbìn ín: ó lè tó ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Ìdí nìyí tí òfin tó de kíkó kóró jáde nìkan ò fi tó, lójú tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ oko sí Kwálì àti Abájí, kí katakata tó wọlé, ẹ bi àwọn obìnrin abúlé léèrè igi tí wọ́n ń ṣa, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí gáàsì ti lé dé ìdí èédú, ẹ ra ìdáná tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ nínú. Kì í jẹ èédú tó onírin lásán.