Ìgbì Òòfà àti Ìwú Àgbáńlá Ayé

Ìgbì òòfà (gravitational waves) ni ìgbọ̀nrìrì àyè fúnra rẹ̀, tí àwọn ohun wíwúwo máa ń dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sáré yí ara wọn po. Albert Einstein ló fi ìṣirò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1916. Ìwú àgbáńlá ayé, ní tirẹ̀, ni èrò pé kí ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ tó pé rárá, àyè ti wú lójijì kọjá ohun tí ọkàn lè gbé. Alexei Starobinsky ní Rọ́ṣíà àti Alan Guth ní Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980.

Ẹni tó bá dé Ìkògòsí ní Èkìtì kò ní pẹ́ mọ ìdí tí a fi nílò irú èrò bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná àti omi tútù ló ń ṣàn pàdé níbẹ̀. Ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ojú ìpàdé wọn: ọ̀kan ń gbóná, èkejì ń tutù. Ó dìgbà tí wọ́n bá jọ ṣàn síwájú kí wọ́n tó di omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí kò fara kan ara wọn kì í gbóná dọ́gba. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ láti ìgbà èwe àgbáńlá ayé, tí Arno Penzias àti Robert Wilson ṣe alábàápàdé rẹ̀, tó ń tàn wá láti gbogbo ojú ọ̀run, gbóná dọ́gba ní ìwọ̀n kélífíìnì 2.7, ìyàtọ̀ inú rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú 100,000 lọ. Bẹ́ẹ̀ ìkángun ọ̀run méjèèjì jìnnà síra débi pé, láìsí ìwú, ìmọ́lẹ̀ gan-an kì bá tí ráyè ti ọ̀kan dé èkejì. Àlàyé tí èrò ìwú ṣe ni pé wọ́n ti jọ wà lójú kan rí, kí ìwú tó yà wọ́n.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ni ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbá ìgbì òòfà mú, láti ọ̀dọ̀ ihò dúdú méjì (ohun wíwúwo tí ìmọ́lẹ̀ kì í lè jáde nínú rẹ̀) tó kọlura. Apá ẹ̀rọ náà gùn ní kìlómítà 4. Ohun tí ìgbì náà fi yí gígùn rẹ̀ padà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìbú púrótọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ègé kékeré inú átọ́ọ̀mù.

Ó yẹ kí ìwú náà ti dá ìgbì òòfà sílẹ̀. Ìgbì ti ìwú yìí la ò tíì rí, òun gan-an ló sì ṣe iyebíye jù. Ìmọ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà títí àgbáńlá ayé fi pé nǹkan bí ọdún 380,000. Kò sí ohun tó dí ìgbì òòfà lọ́nà. Ó yẹ kó fi àmì lílọ́ kan sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ yẹn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn tó ń lo awò BICEP2 ní ìkángun gúúsù ayé kéde pé àwọn ti rí àmì náà. Lásìkò ọyẹ́, ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lè wo òkè Olósùnta kó rò pé ìkùukùu ló bò ó, kó sì jẹ́ eruku. Bẹ́ẹ̀ ló rí: ìwọ̀n sátẹ́láìtì Planck, tó wọn ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ yẹn láti òfurufú, fi hàn pé eruku inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa lè dá irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ BICEP2 àti ti Planck sì jọ gbà bẹ́ẹ̀ ní 2015.

Ìwọ̀n tuntun láti ìkángun gúúsù ayé ní 2021 fi hàn pé bí ìgbì náà bá wà, agbára rẹ̀ kò tó 0.036 ti àwọn ìgbọ̀nrìrì kéékèèké ìbẹ̀rẹ̀ ayé tó hù di ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Èyí ti lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìṣirò ìwú tó rọrùn jù kúrò nílẹ̀. Kò kan ti Starobinsky, nítorí ìgbì tí ìyẹn sọ tẹ́lẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.