Àtúnṣe sí ìwé ìhágún

Àtúnṣe sí ìwé ìhágún, ìyẹn wíìlì tí ènìyàn fi ń sọ bí wọ́n ṣe máa pín ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ìyípadà èyíkéyìí tí ẹni tó ti ṣe é bá ṣe sí i nígbà tó ṣì wà láàyè, yálà ó fẹ́ fi nǹkan kún un, ó fẹ́ yọ nǹkan kúrò níbẹ̀, tàbí ó fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìwé ìhágún kì í múlẹ̀ àfi tí ẹni tó ṣe é bá kú. Nítorí náà, níwọ̀n ìgbà tí làákàyè rẹ̀ bá ṣì pé, kò sí iye ìgbà tí kò lè yí i padà. Ọ̀nà tí yóò gbà yí i padà ni òfin le lé lórí, nítorí pé nígbà tí àríyànjiyàn bá fi dé, ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìhágún tí wọ́n ń pè ní Wills Act ti ọdún 1837 ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ó wọ Nàìjíríà pẹ̀lú àwọn òfin Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ó sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí kò tíì ṣe tiwọn. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un ṣe òfin ìhágún tirẹ̀ ní 1958, àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n gé lára rẹ̀ sì jogún rẹ̀. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 1990. Lórí ọ̀rọ̀ àtúnṣe, àwọn òfin wọ̀nyí jọra púpọ̀. Ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú tàbí kí ó tẹ̀ka sí i, tàbí kí ẹlòmíràn bá a buwọ́ lù ú lójú rẹ̀ àti nípa àṣẹ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Ohun kan náà ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣàtúnṣe, bó ti wù kí àtúnṣe náà kéré tó.

Báírò ló ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Ká ní bàbá kan kọ ọ́ sínú wíìlì pé kí ilẹ̀ òun tó wà ní Ìkòròdú di ti Bọ́lá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Bọ́lá ṣẹ̀ ẹ́, bàbá náà mú wíìlì jáde, ó fa ìlà gba orí orúkọ náà kọjá, ó kọ Káyọ̀dé sí òkè rẹ̀, ó sì dá nìkan buwọ́ lù ú. Lójú òfin, Bọ́lá ló ṣì ni ilẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ṣì ṣeé kà lábẹ́ ìlà náà. Ká ní bàbá àti ẹlẹ́rìí méjì ti buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ibi tó tún kọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ fi yíǹkì pa orúkọ náà rẹ́ débi pé ojú kò lè kà á mọ́, àlàfo ni kóòtù yóò ka ibẹ̀ sí: Bọ́lá kò ní í gba ilẹ̀, Káyọ̀dé náà kò ní í gbà á. Ṣùgbọ́n ní 1950, ilé ẹjọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ obìnrin kan tó lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bo iye owó tó fi sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, tó sì kọ iye tuntun sórí rẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí. Kóòtù gbà kí wọ́n fi fọ́tò infrared, irú èyí tó ń fi ohun tí ojú lásán kò rí hàn, wo ohun tó wà lábẹ́ bébà náà, nítorí pé obìnrin náà kò ní in lọ́kàn láti fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Iye tuntun ló fẹ́ fi rọ́pò ti àtijọ́.

Ọ̀nà tí àwọn lọ́yà fọwọ́ sí jù ni ìwé àfikún tí à ń pè ní kódísílì. Ìwé ọ̀tọ̀ ni. Yóò dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe wíìlì, yóò sọ ẹsẹ tí ìyípadà kàn, yóò sì fìdí ìyókù múlẹ̀. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ àwọn ẹlẹ́rìí ti àkọ́kọ́ ló máa buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí a bá fi nǹkan sílẹ̀ fún nínú ìwé tó buwọ́ lù pàdánù ẹ̀bùn náà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni bí ó bá jẹ́ ọkọ tàbí aya ẹlẹ́rìí ni a fi í sílẹ̀ fún. Kódísílì lágbára kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀: ó ń sọ wíìlì àtijọ́ di ọ̀tun, bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe kódísílì ni wọ́n ṣe é. Nítorí èyí, bí àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn bá buwọ́ lu kódísílì, ẹ̀bùn tí ẹlẹ́rìí ti àkọ́kọ́ ti pàdánù lè padà sí i lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ kékeré kan tún wà tí àwọn lọ́yà kì í fojú di: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi pín-ìn-nì mú nǹkan mọ́ wíìlì, nítorí pé bí ihò pín-ìn-nì bá wà lára ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù lè béèrè kódísílì tó ti já kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì ní kí ẹnì kan wá búra.

Ẹni tó fẹ́ pa wíìlì rẹ́ pátápátá lè ṣe òmíràn tó sọ pé òun fagi lé gbogbo èyí tí òun ti ṣe ṣáájú. Ó sì lè sun ún tàbí kí ó fà á ya. Nínú ẹjọ́ Cheese pẹ̀lú Lovejoy ní 1877, ọkùnrin kan fa ìlà sí ara wíìlì rẹ̀, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun ti fagi lé e, ó sì jù ú sáàárín pàǹtí bébà. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ mú un, ó tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìdáná títí ọkùnrin náà fi kú. Kóòtù ní wíìlì náà ṣì dúró, torí pé èrò láti pa á rẹ́ wà, ṣùgbọ́n ìwé náà wà láìbàjẹ́. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó bá sì fa wíìlì kejì ya kò tíì jí àkọ́kọ́ dìde. Àfi kí ó tún un ṣe, tàbí kí kódísílì sọ ọ́.

Ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ń pa wíìlì tó ti wà ṣáájú rẹ̀ rẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú gègé. Nínú òfin Ìwọ̀-Oòrùn, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣi ìgbéyàwó méjèèjì pàdé nínú ẹjọ́ lórí ogún Olóyè Festus Okotie-Eboh, mínísítà ètò ìnáwó tí wọ́n pa ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ó ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀ nílànà ìbílẹ̀, ó ṣe wíìlì, lẹ́yìn náà ni òun àti obìnrin náà tún ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin. Ní 1996, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé wíìlì náà ṣì dúró, nítorí pé ìyàwó kan náà ni.

Bí wíìlì bá parẹ́ tí kò sí òmíràn, ogún ọkùnrin Yorùbá tó fẹ́yàwó nílànà ìbílẹ̀ yóò padà sábẹ́ àṣà: ìdí-igi, tí wọ́n ń pín in dọ́gba fún ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, tàbí orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀. Ilé ẹbí kò sì sí lára ohun tí kódísílì lè fi lé ọmọ kan lọ́wọ́, nítorí pé kì í ṣe tẹni tó kú nìkan.

Ní Èkó, ènìyàn lè fi wíìlì rẹ̀ pamọ́ sí Kóòtù Gíga nígbà tó wà láàyè. Ó dára kí kódísílì tó bá ṣe lẹ́yìn náà tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Bí ó bá wà nínú àpótí nílé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, wíìlì àkọ́kọ́ nìkan ni wọn yóò kà sí etí ẹbí.