Káàdì eré ẹṣin: ohun tí wọ́n ń kà kí wọ́n tó mú ẹṣin kan

Nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ n'Ìbàdàn, ì báà jẹ́ Mọ́kọ́lá tàbí Agbowó, oríṣi eré ẹṣin méjì ló lè wà lójú tẹlifíṣọ̀n, àṣìṣe tó burú jù sì ni kí èèyàn pọ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Èyí tó ń wáyé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn, tí àwọn ẹṣin rẹ̀ jẹ́ àwòrán kọ̀ǹpútà, virtual ni. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ṣà ló ń pinnu èyí tó máa wọlé. Bí nọ́ńbà 4 bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kò kó agbára kankan wá sí eré kẹrin, kò sì sí pé “ó ti yá kí nọ́ńbà 2 náà wọlé.” Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà níbẹ̀. Eré ẹṣin ẹlẹ́mìí, pàápàá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àlàyé yìí wà fún.

Aago ló yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ìbàdàn dọ́gba. Ní àwọn oṣù yòókù, Ìbàdàn fi wákàtí kan ṣíwájú: eré tó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán ní pápá Lingfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago mẹ́ta ni lọ́dọ̀ wa. South Africa ló ń fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa láti ọdún dé ọdún. Orúkọ àwọn ẹṣin tó máa sá eré orí ilẹ̀ títẹ́ ti máa ń jáde ní ọjọ́ méjì ṣáájú; ti eré tí ẹṣin ti ń fo ọgbà máa ń jáde ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ìdí nìyẹn tó fi ṣeé ṣe láti jókòó ti káàdì, ìyẹn ìwé tí wọ́n to àwọn ẹṣin eré kọ̀ọ̀kan sí, lálẹ́, kí a sì tún un wò láàárọ̀.

Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kúrò lórí orúkọ ẹṣin àti ọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí ilé tẹ́tẹ́ máa fi sọ owó ẹni di púpọ̀ tí ẹṣin náà bá wọlé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí eré náà fúnra rẹ̀: báwo ni ó ṣe jìn tó, kíláàsì wo ni, báwo ni ilẹ̀ ṣe rí, ẹṣin mélòó ló wà níbẹ̀? Furlong ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. Furlong kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 201, mẹ́jọ ló di máìlì kan. Eré tó kúrú jù lórí ilẹ̀ títẹ́ jẹ́ furlong 5, bí ìṣẹ́jú kan ló sì ń gbà. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, Grand National ti Aintree ju máìlì 4 lọ, ọgbà 30 ni wọn ó sì fò. Ẹṣin tó ń gba ipò kìíní ní furlong 5 lè gbẹ lójú ọ̀nà tí wọ́n bá fi sí máìlì kan. Kíláàsì lọ láti 1 sí 7 lórí ilẹ̀ títẹ́, 1 ni òkè pátápátá.

Ilẹ̀ ló ń ba tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ jù. Láti orí líle dé ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ tí káàdì ń lò ni Firm, Good to Firm, Good, Good to Soft, Soft àti Heavy. Òjò òru kan lè sọ Good di Soft. Ẹṣin tó ń gbé ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kò ní lè fa ẹsẹ̀ yọ nínú Heavy. Òmíràn tó lọ́ra lórí ilẹ̀ líle á wá di ọ̀gá. Nítorí náà, wíwo ipò tí ẹṣin gbà nìkan kò tó, kí a wo ilẹ̀ tó ti gbà á. Pápá mẹ́fà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (Kempton, Lingfield, Wolverhampton, Southwell, Newcastle àti Chelmsford City) ní ọ̀nà yanrìn àtọwọ́dá tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó ń kọ́ káàdì kíkà, ibẹ̀ ló dára kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin wá kàn. Ká ní wọ́n kọ 63/12-041. Apá ọ̀tún ni eré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gbẹ̀yìn: ipò kìíní. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, ipò kẹrin. 0 túmọ̀ sí ipò kẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi kékeré tó dùbúlẹ̀ (-) ni ààlà sáà kan sí èkejì. Èyí tó dúró gẹ̀rẹ̀ (/) fi hàn pé ẹṣin náà sinmi fún sáà kan ó kéré tán. F ni pé ó ṣubú, U ni pé ó da jọ́kì nù, P ni pé jọ́kì fà á dúró. C ni pé ó ti wọlé rí ní pápá yìí, D ni pé ó ti wọlé nínú eré tó jìn tó báyìí; CD ni pé méjèèjì bọ́ sí eré kan náà. BF sì ni pé òun ni owó pọ̀ lé lórí jù nínú eré tó kọjá, àmọ́ ó já wọn kulẹ̀.

Ibi tí àwọn tó ń kánjú ti ń ṣubú nìyí: 1 tí ẹṣin gbà ní kíláàsì 6 lè má tó 0 tí òmíràn gbà ní kíláàsì 2 lórí ilẹ̀ tí kò bá a lára mu. Tí èkejì yẹn bá wá sọ̀ kalẹ̀ sí kíláàsì 4 lónìí, tí ilẹ̀ sì rí bó ṣe fẹ́, òun gan-an ni káàdì ń nàka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò ní rí i.

Nínú eré handicap, ẹṣin tó lágbára jù ló ń ru ẹrù jù. Ìjọba eré ẹṣin fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Máàkì kan dọ́gba pẹ̀lú pọ́n-ùn kan nínú ìwọ̀n ẹrù náà. Stone ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ẹrù, pọ́n-ùn 14 sì ni stone kan: 9-7 jẹ́ pọ́n-ùn 133, bíi kílò 60, jọ́kì àti gàárì pọ̀. Ẹ rántí pé àpò sìmẹ́ǹtì kan kílò 50 ni. Lẹ́yìn tí ẹṣin bá wọlé, máàkì rẹ̀ máa ń lọ sókè, ìdí sì nìyẹn tí wíwọlé léraléra fi ń nira. Jọ́kì tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ń dín pọ́n-ùn 7, 5 tàbí 3 kù. Ìdínkù yìí wúlò lọ́wọ́ ọmọ tó gbọ́n. Lọ́wọ́ ọmọ tó máa há sẹ́yìn àwọn yòókù, kò já mọ́ nǹkan.

Gèéètì tí ẹṣin ti ń jáde náà ní ohun tó ń sọ. Ní Chester, pápá náà rí róbótó, ó sì máa ń yí sósì ṣáá. Ẹṣin tí nọ́ńbà gèéètì rẹ̀ kéré ń gba inú, àwọn ti ìta ń sá ọ̀nà tó gùn jù. Ṣùgbọ́n kí a tún wo irú ẹni tó máa ṣáájú. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, òótọ́ ni, àmọ́ tí ẹṣin mẹ́rin tó fẹ́ràn iwájú bá wà nínú eré kan, wọ́n á gbé ara wọn sá títí á fi rẹ̀ wọ́n ṣáájú òpin, ẹṣin tó fara balẹ̀ lẹ́yìn á wá kó wọn. Tí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ó lè ṣe bó ṣe fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má rí i mú. Lẹ́tà b, p tàbí h lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ẹrù ń tọ́ka sí ohun tí wọ́n fi bo ojú tàbí etí ẹṣin. Tí 1 bá tẹ̀ lé e, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, nǹkan lè yí padà.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ọ́ọ̀dù tó kàn, kì í ṣe ṣáájú. Fi ọ́ọ̀dù pín 100, kí o lè mọ ìgbà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí ọ́ọ̀dù náà sọ pé ẹṣin máa wọlé: 2.50 jẹ́ 40, 4.00 jẹ́ 25, 5.00 jẹ́ 20, 8.00 jẹ́ 12.5, 10.00 méjì jẹ́ 20. Eré ẹlẹ́ṣin mẹ́fà nìyẹn, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 117.5. 17.5 tó lé yẹn ni ilé tẹ́tẹ́ ń jẹ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin tí ọ́ọ̀dù rẹ̀ kéré jù ń wọlé tó bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá ń fi ₦1,000 lé irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ní 2.50 á ná ₦3,000 kó tó gba ₦2,500. Tí káàdì bá fi hàn pé ẹṣin kan lè wọlé lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, tí wọ́n sì ń tà á ní 4.00, ìyẹn ló tọ́ kí a rà. Eré àwọn ẹṣin ọmọ ọdún méjì tí wọn kò tíì sá rí, kí a fò ó. Kò sí nǹkan láti kà níbẹ̀.

Tẹ́tẹ́ each-way ń pín owó sí méjì: ìdajì lórí kí ó wọlé, ìdajì lórí kí ó wà nínú àwọn àkọ́kọ́. Nínú òfin tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin mẹ́jọ sí mọ́kànlá, ipò mẹ́ta ni wọ́n ń san, ní ìdá kan nínú márùn-ún èrè ọ́ọ̀dù. ₦2,000 lórí ẹṣin 11.00 tó gba ipò kẹta yóò mú ₦3,000 wá: ₦1,000 tó wà lórí kí ó wọlé ti lọ, ₦1,000 yòókù padà pẹ̀lú èrè ₦2,000. Ẹṣin márùn-ún sí méje, ipò méjì péré ni, ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Mẹ́rin tàbí kéré sí i, kò sí nǹkan fún ipò kejì. Nítorí náà, kí a tó lọ bá kásíà, kí a ka àwọn ẹṣin tó ṣẹ́ kù: eré ẹlẹ́ṣin mẹ́jọ tí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀ ti di ti méje, ipò kẹta sì ti bọ́ lọ.