Bí wọ́n ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú nílé

Ìlẹ̀kẹ̀ má jàá sílé, má jàá síta, ibì kan ni yóò já sí. Ẹni tó ń sín in mọ ibẹ̀: ìdí kókó ni, tàbí ibi tí ẹnu ihò ìlẹ̀kẹ̀ ti ń rẹ́ okùn díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè ṣọ́wó ná lórí ìlẹ̀kẹ̀. Okùn ni kò gbọdọ̀ háwọ́ sí.

Inú òkun ni iyùn ti ń wá, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹni tó fẹ́ ra èyí tí kò wọ́n ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ti dígí tàbí ti ike ni kó wò. Bí a bá fi dígí kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, á tutù. Ike fúyẹ́, ooru ara sì tètè ń mú un. Dígí ló dáa fún ọrùn, ó wúwo, ó sì ń wálẹ̀ láyà dáadáa. Ike ló yẹ etí. Èyí tí ẹnu ihò rẹ̀ bá mú bí abẹ, ká dá a padà, bó ti wù kó máa dán tó.

Ká sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ oní-mìlímítà 8 ni, tí okùn kan rẹ̀ gùn tó íǹṣì 16. Nǹkan bí 50 ẹyọ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ oní-íǹṣì 7 ń gba nǹkan bí 22. Okùn kan náà á yọ ẹ̀gbà méjì, 6 tó kù á di yẹtí, mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣírò báyìí kó tó já okùn kò ní ní àjẹkù nínú agolo.

Ká tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì, ìlẹ̀kẹ̀ kì í yí lórí rẹ̀. Okùn rọ́bà ló rọrùn jù fún ọwọ́, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ fà á dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí a kò bá fà á, ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ni yóò ti na, àlàfo á sì yọ. Rọ́bà ń yọ̀, kókó ẹyọ kan kò lè dì í. Ká yí orí okùn kan mọ́ èkejì lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fà á pọ̀, ká tún so ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ká wá rọra fa kókó náà wọnú ihò ìlẹ̀kẹ̀. Gúlù tó ń gan bí igi kò yẹ lára rọ́bà. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó gan sí gan-an ni yóò ti já.

Okùn ìpẹja ni ti ọrùn. Ìlẹ̀kẹ̀ irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń dè é: okùn á gba inú rẹ̀ kọjá, á gba ojú ìkọ́, á tún padà sínú rẹ̀, wọ́n á wá fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.

Àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe adé ọba ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ìdílé Adéṣínà tó lókìkí wà nínú wọn, kì í gbé gbogbo rẹ̀ lé okùn kan ṣoṣo. Wọ́n á sín díẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ aṣọ, wọ́n á tún sín òmíràn. Bí ibì kan bá já, ìwọ̀nba ibẹ̀ ló ń tú. Ọgbọ́n yẹn ṣeé mú wá sílé: ká fi òwú tó lágbára sín ẹ̀gbà ọrùn, ká máa ta kókó kan sẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba àkókò, ó sì ń jẹ òwú tó ìlọ́po méjì gígùn ẹ̀gbà, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá já lóde ìnáwó, ẹyọ kan ni yóò bọ́ sílẹ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ mú un.